Ètò Kọ̀ǹpútà Ọ̀fẹ́ àti Àwa Tí A Kò Sí Níbi Tí Wọ́n Ti Kọ́ Ọ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú ẹ̀yin olùkàwé wa lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn olùkọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kan àpò ìjọba àti iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kí a tó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá ní kété tí wọ́n bá rí i. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù fún wa. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ yìí kò yàtọ̀ sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí àwọn tí ó pọ̀ ti ń ṣe òfin, tí àwọn tí kò tó nǹkan sì ń wá ọ̀nà láti gbé lábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rìn láti Ìlàrè dé Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ yóò rí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sì ń gbé ìbéèrè ìdánwò wọn wá láti tẹ̀. Windows ni ó wọ́pọ̀ nínú wọn. A kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó san owó rẹ̀. Nínú ìlú kan náà ni Yunifásítì tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ wà, èyí tí ó kó láti Ìbàdàn wá sí Ifẹ̀ ní 1967, tí a sì ti ń fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè láti 1987. A ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ dé ìpele gíga. Láàrin ṣọ́ọ̀bù yẹn àti Yunifásítì yìí ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi di kánjúkánjú nìyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, àyàfi fún ẹni tí ó bá wọ ètò àfikún ìgbà díẹ̀. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ sì ń béèrè àwọn ẹ̀yà ara tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní. Ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́, tí bọ́tìnì rẹ̀ pé, tí ojú rẹ̀ ń tàn, ni wọ́n sọ pé ó ti di arúgbó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní mẹ́wàá irú rẹ̀ kò ní owó láti ra mẹ́wàá mìíràn. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé: ǹjẹ́ kò sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́?

Ó wà. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ni ètò àgbà kan wà tí ó ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ: òun ni ó ń mọ̀ pé a tẹ bọ́tìnì, òun ni ó ń tọ́jú ìwé sí àyè rẹ̀, òun ni ó sì ń jẹ́ kí àwọn ètò kéékèèké rí ibi dúró sí. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní operating system. Àwa yóò máa pè é ní ètò ìdarí. Windows jẹ́ ọ̀kan. Android tí ó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín jẹ́ òmíràn, Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ni ó sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí a kì í sábà gbọ́ orúkọ wọn: FreeBSD àti NetBSD, tí àwọn méjèèjì jáde ní 1993 láti inú iṣẹ́ tí Yunifásítì California ní Berkeley ti ṣe, OpenBSD tí ó ya kúrò lára NetBSD ní 1995, àti Haiku, tí àwọn ènìyàn kan ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn BeOS, tí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín sì ti tà á ní 2001. Ẹ má ṣe rò pé ohun ìṣeré ni wọ́n. WhatsApp tí àwọn ẹgbẹ́ olùkọ́ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn lóru, orí FreeBSD ni ó gbé àwọn ẹ̀rọ ńláńlá rẹ̀ lé ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní 2012 àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ kéde pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń gba ju mílíọ̀nù 2 ìsopọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé àkọsílẹ̀ wọn wà ní gbangba. Ètò kọ̀ǹpútà ní ojú méjì bí aṣọ. Ojú kan ni àkọsílẹ̀ tí ènìyàn kọ, tí ènìyàn sì lè kà. Ojú kejì ni èyí tí ẹ̀rọ nìkan lè kà. Ẹni tí ó ń ta ètò a máa fi ojú kejì nìkan lé oníbàárà lọ́wọ́. Ní 1983 ni Richard Stallman ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò kọ ètò ìdarí tí ojú méjèèjì rẹ̀ yóò jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé fún àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun kò sọ̀rọ̀ owó, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ohun tí a kò sanwó fún àti ẹni tí kò sí nínú ìdè. Àwa kò ní ìṣòro yẹn. Ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí òmìnira lẹ́nu wa. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n nǹkan kẹta wà tí kì í ṣe ọ̀fẹ́, tí kì í sì ṣe òmìnira. Iṣẹ́ ni. Àwọn àgbà nínú yín rántí ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí ju 800,000 ọmọ lọ sì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yẹn. Ọ̀fẹ́ ni fún òbí. Kò jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó mọ ògiri ilé-ìwé, tàbí fún Ọ̀gbẹ́ni S. O. Awókọ̀yà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, tí ó ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ láti 1952, tàbí fún ọ̀dọ́ tí wọ́n sáré kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ kí ó lè wà níwájú kíláàsì nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ẹnìkan ti ṣe iṣẹ́ náà. Bákan náà ni ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́. Ẹnìkan ti ṣe iṣẹ́ kí ó tó lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ tìrẹ bá wá yàtọ̀ sí ti ẹni náà, ìyókù iṣẹ́ ń dúró dè ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo olùkọ́ kan ní Ìlàrè tí ó fi FreeBSD sínú kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan. Ó ń fẹ́ ètò kan tí yóò máa bá a ṣe àkójọ máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba, ṣùgbọ́n orí Linux ni ẹni tí ó kọ ọ́ ti kọ ọ́. Ó gba àkọsílẹ̀ náà, ó sì pàṣẹ kí ẹ̀rọ sọ ọ́ di ètò tí ó lè ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kíkọ́, bí a ti ń kọ́ ilé.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé ìtọ́ni ìkọ́lé náà sọ pé kí a pe bash láti inú /bin. Lórí Linux, ibẹ̀ ni bash máa ń wà. Lórí FreeBSD, bash kì í bá ètò ìdarí wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni ó ń fi í sí i, inú /usr/local/bin ni ó sì ń gbé. Ẹ̀rọ dáhùn pé òun kò rí i, iṣẹ́ sì dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó dàbí ìyàwó tuntun tí a sọ fún pé kí ó mú ọ̀bẹ lórí pẹpẹ, tí ọ̀bẹ sì ń bẹ lára ògiri.

Olùkọ́ wa tún ìlà náà ṣe. Ó kan make, èyí tí ó ń ka ètò ìkọ́lé, tí ó sì ń sọ ohun tí a ó kọ́kọ́ kọ́ àti ohun tí yóò tẹ̀lé e. Make ti GNU àti make ti BSD ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí ọ̀kan gbọ́ ni èkejì kò gbọ́. Àwọn ará FreeBSD a máa pe ti GNU ní gmake kí wọ́n lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tí ó kọ ètò náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó kan sed, irinṣẹ́ kékeré tí a fi ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú fáìlì. Bí a bá kọ sed -i lórí Linux, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lórí BSD, ó ń retí kí a kọ́kọ́ sọ orúkọ tí òun yóò fi tọ́jú fáìlì àtijọ́, ó sì ń gba ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e bí ẹni pé orúkọ náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra gààrì ní ọjà ìlú méjì mọ̀ pé kóńgò ń jẹ́ kóńgò ní ibi gbogbo, ṣùgbọ́n kóńgò ibì kan kò tó ti ibòmíràn.

Ìwọ̀nyí kéré. Ẹni tí ó ní sùúrù yóò yanjú wọn ní ọ̀sán kan. Èyí tí ó le ni ìgbà tí ètò náà bá béèrè ohun tí kò sí rárá níbi tí a wà. Linux ní epoll, tí ètò fi ń mọ èyí tí ọ̀rọ̀ dé bá nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsopọ̀ tí ó ṣí sílẹ̀. FreeBSD ní kqueue fún iṣẹ́ kan náà, ó sì ti ní i láti 2000, kí epoll tó dé. Ẹni tí ó bá ti fi epoll ṣe òpó ilé rẹ̀, àfi kí a yọ òpó náà kí a fi òmíràn sí i. Linux a máa kọ ìròyìn ara rẹ̀ sínú /proc. FreeBSD kì í ṣí /proc fún ẹnikẹ́ni bí a kò bá pàṣẹ fún un. Láti 2010 ni systemd ti wọ inú Linux, tí ó ń jí àwọn ètò yòókù dìde ní àárọ̀ tí ó sì ń mójú tó wọn. Àwọn ètò tí wọ́n ti jókòó tì í kò mọ bí wọn yóò ti ṣe ní ilé tí kò ti sí systemd.

Ní ilẹ̀ tiwa, iná ń dá sí i. Ìwé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kì í sábà sọ èyí, nítorí náà a ó dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Kíkọ́ ètò ńlá a máa gba wákàtí púpọ̀ lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Iná a lọ ní ìdajì iṣẹ́. Make gbọ́n: nígbà tí iná bá padà dé, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, yóò wo àkókò tí a kọ sára fáìlì kọ̀ọ̀kan, èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò tíì yí padà lẹ́yìn tí a ti kọ́ ọ ni yóò fò kọjá. Ṣùgbọ́n bátìrì kékeré tí ó ń jẹ́ kí aago kọ̀ǹpútà ògbólógbòó rìn ti kú ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nígbà tí iná bá lọ, aago náà yóò padà sí ọdún tí ó ti pẹ́ sẹ́yìn. Make yóò wá bá fáìlì tí ó dàbí ẹni pé ọ̀la ni a kọ ọ́, orí rẹ̀ yóò sì dàrú. Bí olùkọ́ wa bá fẹ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti mú ohun tí ó kù wá, ojúlé tí ó lọ yóò fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn, kọ̀ǹpútà yóò wo aago ara rẹ̀, yóò sì sọ pé ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò tíì pé. Ẹni tí kò mọ̀ pé bátìrì olówó pọ́ọ́kú ni ó fa gbogbo rẹ̀ lè fi ọjọ́ mẹ́ta bú FreeBSD. Ká má tilẹ̀ sọ ti dátà: àkọsílẹ̀ Linux nìkan, lẹ́yìn tí a ti fún un pọ̀, ju 100 megabyte lọ.

Ta ni ó jẹ̀bi? A gbọ́ tí àwọn ènìyàn kan ń sọ pé ìkórira ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ ètò náà kọ ọ́ lórí ẹ̀rọ tí ó ní, fún ìṣòro tí ó rí, ó sì fi í tọrẹ. Láyé àtijọ́, nígbà tí oríṣiríṣi Unix kún ayé tí kò sì sí èyí tí ó jẹ́ ọba, àwọn ènìyàn fi ẹnu kò lórí òfin kan tí wọ́n pè ní POSIX ní 1988, David MacKenzie sì bẹ̀rẹ̀ Autoconf ní 1991, irinṣẹ́ tí ó ń kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ léèrè ohun tí ó ní kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè Autoconf a máa pọ̀ títí yóò fi sú ènìyàn, ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí ni: àlejò kì í wọlé kí ó máa ṣí ìkòkò láìbéèrè. Nígbà tí Linux di ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ètò jáwọ́ nínú bíbéèrè. GitHub, níbi tí àwọn tí ó pọ̀ jù ń kó iṣẹ́ wọn sí, a máa yá wọn ní ẹ̀rọ tí wọn yóò fi dán an wò: Linux, Windows àti macOS. Kò sí BSD nínú rẹ̀. Ohun tí a kò dán wò kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, àwọn tí ń tọ́jú ètò kan tí ń jẹ́ cryptography, tí àwọn òǹkọ̀wé èdè Python fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ní àṣírí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Rust kọ apá kan rẹ̀. Ìdí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ dára: Rust ń dí ọ̀pọ̀ ihò tí olè ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lórí Alpine Linux jí tí wọ́n rí i pé ètò wọn kò ṣeé kọ́ mọ́, nítorí pé Rust kò sí lórí ẹ̀rọ wọn. Àwọn tí ń lo ẹ̀rọ àtijọ́ tí Rust kò tilẹ̀ mọ̀ kò rí ọ̀nà àbáyọ rárá. Ìjà ńlá ni ó dá sílẹ̀. Àwọn olùtọ́jú sọ pé àwọn kò ṣe ìlérí fún ẹni tí ó wà lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó wà lórí rẹ̀ sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Àwa rí i pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù lọ ni àwọn tí kò ní ènìyàn nínú ìpàdé.

Báwo ni àwọn ará FreeBSD ti ń ṣe é tí wọn kò fi tíì parẹ́? Láti 1994 ni wọ́n ti ní àkójọ kan tí Jordan Hubbard bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ports. Ju 30,000 ètò lọ ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí, èyí tí kò bá wọn mu sì ní àbùlẹ̀ tí ẹnìkan ti rán sí i kí ó lè bá wọn mu. Olùkọ́ wa ìbá ti bi wọ́n léèrè lákọ̀ọ́kọ́, ìyà rẹ̀ ìbá dínkù. Ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń rán lẹ́ẹ̀kan. Nígbàkúùgbà tí aṣọ bá yí padà, àbùlẹ̀ àtijọ́ kò ní bá ojú ihò mu mọ́. Chromium, tí Chrome jáde láti inú rẹ̀, nílò ọgọ́rọ̀ọ̀rún àbùlẹ̀ kí ó tó ṣeé kọ́ lórí FreeBSD, ó sì ń yí padà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn kan ni wọ́n ń rán an, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n sì tún ń rán an.

Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a dá àbùlẹ̀ náà padà fún ẹni tí ó ni aṣọ, kí ó lè hun ún mọ́ aṣọ. Nígbà mìíràn wọn a gbà á tayọ̀tayọ̀. Nígbà mìíràn wọn a béèrè pé: ta ni yóò máa tọ́jú èyí lọ́dún tí ń bọ̀? Àwọn kan ka ìbéèrè yìí sí ìwọ̀sí. Àwa kà á sí ìbéèrè òtítọ́, òun gan-an ni ó sì yẹ kí ìjọba àti Yunifásítì wa máa dáhùn. Ènìyàn tí ó ń fi alẹ́ ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ kò lè ṣe ìlérí ọdún márùn-ún. Ẹni tí a ń sanwó oṣù fún lè ṣe é.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan Yorùbá, kí ó wo lẹ́tà tí ó ń kà lọ́wọ́ báyìí. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ti ṣe alága ìpàdé lórí àkọtọ́ èdè wa ní Èkó ní 1875. Nígbà tí àwọn tí ó ń fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà nínú Unicode ń ṣe iṣẹ́ wọn, ẹ àti ọ ti wà nínú rẹ̀ ní 1993, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tiwa. Inú ọ̀wọ́ lẹ́tà àwọn ará Vietnam ni wọ́n wà. Ṣ wúlò fún àwọn tí ń fi lẹ́tà Látìn kọ èdè Lárúbáwá àti èdè India. Àwọn ará Poland ni wọ́n ń lo ń. Vietnam gba nọ́ńbà odindi fún gbogbo lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ́ àti ọ̀ tiwa kò ní nọ́ńbà tiwọn. A ní láti kọ lẹ́tà, kí a sì wá gbé àmì lé e lórí bí ẹrù. Nígbà tí a fi máa béèrè, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, nítorí pé fífi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kún un yóò da àkọsílẹ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ rú. Òfin náà bọ́gbọ́n mu. A kò sí níbẹ̀ ní àkókò, ó tán.

Ibi tí lẹ́tà wa àti ètò ìdarí ti pàdé ni ìyà rẹ̀ ti hàn jù. Bí ẹnìkan bá pe orúkọ fáìlì kan ní Ọ̀rọ̀, Linux yóò tọ́jú orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí ó ti tẹ̀ ẹ́. HFS+, tí àwọn kọ̀ǹpútà Apple fi ń tọ́jú fáìlì kí APFS tó rọ́pò rẹ̀ ní 2017, yóò tú orúkọ náà palẹ̀: O lọ́tọ̀, àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, àmì òkè lọ́tọ̀. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀, ẹ̀rọ rí i. Git, tí gbogbo ayé fi ń pín àkọsílẹ̀ ètò, yóò sọ pé fáìlì kan sọnù, pé àlejò kan sì dé. Fáìlì kan náà ni. Àwọn olùtọ́jú Git tún un ṣe ní 2012, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí èdè wọn ní àmì kò jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ní 2007 ni Nàìjíríà ti rí ọ̀rọ̀ yìí ní ojú gbangba. Ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé kéde pé Linux tiwọn ni yóò wà nínú 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré Classmate tí Nàìjíríà ń rà fún ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún náà, François Bancilhon, ọ̀gá wọn, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft pé òun gbọ́ pé wọn yóò gba àwọn ẹ̀rọ náà, wọn yóò sanwó Linux, wọn yóò sì wá fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ariwo ta káàkiri ayé. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àjọ ìjọba tí ó ń sanwó náà ní kí Mandriva wà nínú apá kan nínú wọn ó kéré tán. Àwọn kan yọ̀. Àwa kò rí ohun tí a lè yọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Faransé àti ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń jà. Ọmọ ilé-ìwé wa wà ní àárín bí ọjà. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé ta ni yóò máa kọ́ ètò fún àwọn ẹ̀rọ náà ní Nàìjíríà, Windows ni o, Linux ni o. Mandriva fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ní 2015.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ̀lú ti gbìyànjú. Ní 2013, nígbà ìjọba Ògbẹ́ni Raúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, a pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, pẹ̀lú ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá nínú rẹ̀. A kì í ṣe ara àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Android ni ó ń darí rẹ̀, Linux ni ó sì wà lábẹ́ Android. Ìwé àṣẹ tí a fi ń pín Linux sọ pé ẹni tí ó bá gba ẹ̀rọ tí ó wà nínú rẹ̀ lè béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àyípadà tí oníṣòwò ti ṣe sí i. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ojú rere. Ẹ̀rọ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ifẹ̀ lè gba Android tuntun lẹ́yìn tí ẹni tí ó tà á bá ti lọ. Èyí tí kò sí lọ́wọ́ wọn yóò kú ní ọjọ́ tí ó bá wu oníṣòwò.

Nítorí náà a ń sọ fún àwọn tí ó wà nípò ní Òṣogbo àti ní Àbújá pé ìwé àdéhùn èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ sí lórí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ní ìlà kan nípa àkọsílẹ̀, kí ó sì ní ìlà kejì nípa owó oṣù ẹni tí yóò máa kọ́ ọ tí yóò sì máa tún un ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń bá wọn jókòó, ẹ béèrè ìlà méjèèjì lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Sí àwọn Yunifásítì wa, a ń béèrè ohun tí kò ná wọn lówó: kí àbùlẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ rán tí àwọn olùtọ́jú ètò gbà jẹ́ ohun tí a lè fún ní máàkì bí a ti ń fún iṣẹ́ àṣekágbá. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá ni eruku ń bò lórí pẹpẹ ní àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Àbùlẹ̀ tí a gbà, ayé ni yóò máa lò ó.

Sí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ kò lè dúró de ìjọba: lábẹ́ orúkọ ètò kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ FreeBSD, ìlà kan wà tí a kọ MAINTAINER sí, èyí ni olùtọ́jú. Níbi tí olùtọ́jú kò bá sí, àdírẹ́sì gbogbogbòò ti ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni ó sì wà. Ẹnikẹ́ni lè mú ọ̀kan tí ó kéré, kí ó kọ́ ọ lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó rán ibi tí ó bá ya, kí ó fi àbùlẹ̀ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà pé òun fẹ́ máa tọ́jú rẹ̀. Ìsinmi ilé-ìwé kan tó fún ti àkọ́kọ́. Kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì aago.